Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gba Pálọ̀ Kọjá

Bí wọ́n bá bi Débórà léèrè ibi tí ìfẹ́ ti kọ́kọ́ gbá a mú, kò ní sọ pé lábẹ́ igi òdòdó ni, kò sì ní sọ pé nínú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ìyẹn ló ti ń kà nínú ìwé láti ìgbà tó ti wà ní kékeré. Ọjà Igbó ló máa sọ, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́sàn-án gangan, nínú eruku ọyẹ́, pẹ̀lú àgádágodo kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń kán òróró ẹ̀pà sí i lórí bàtà.

Àgádágodo yàrá rẹ̀ ni. Ọyẹ́ ọdún náà mú débi pé ètè ń là, ilẹ̀kùn ń sán, àgádágodo pàápàá kò fẹ́ la ẹnu mọ́. Débórà bu òróró ẹ̀pà sí i, kò ṣí. Ó tún bu òmíràn sí i. Eruku bá òróró nínú ibẹ̀, àwọn méjèèjì di àmọ̀, kọ́kọ́rọ́ wọlé, ó kọ̀, kò yí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú u, ó bẹ káfíńtà kan kó tú irin rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn, ó sì gbé e tòun ti irin lọ sí Ọjà Igbó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sábẹ́ agbòòrùn níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ bí igba rọ̀ sára pákó lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń dún wínniwínni nínú atẹ́gùn. Akínpẹ̀lú ni orúkọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló ń gé, àgádágodo ló ń tún ṣe. Ó gba ti Débórà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá wo ojú ẹni tó ni ín.

"Sistá, ta ló fẹ́ dín àgádágodo yìí?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ kó máa yọ̀ ni."

"Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ rẹ́ àlùbọ́sà sí i."

Ó fi kẹrosíìnì fọ inú rẹ̀, ó nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ló fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí, ó fi ọ̀bẹ ha dúdú inú rẹ̀ sára kọ́kọ́rọ́, ó tì í bọ ihò lẹ́ẹ̀mẹta. Àgádágodo náà ṣí bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ àbísọ rẹ̀.

"Òróró a máa kó eruku mọ́ra," ni Akínpẹ̀lú wí. "Dúdú inú pẹ́ńsù kì í bá eruku ṣọ̀rẹ́. Ó kàn máa ń yọ̀ ni tiẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ń wọ ọkàn lọ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn. Ohun tí Débórà ń kọ́ ní yunifásítì gan-an nìyẹn. Oyè kejì ló ń ṣe, lórí bí àwọn nǹkan tó fẹ́lẹ́ dé ibi tí fífẹ́lẹ́ parí sí ṣe ń yọ̀ lórí ara wọn. Ọdún kan gbáko ló ti fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin, tí wọ́n sì ń wo aago. Èyí wá rèé, tó fi pẹ́ńsù ṣe é níṣojú rẹ̀ láìmọ̀ pé ìwé ni. Débórà jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

"Ṣé ẹ mọ ìdí tó fi ń yọ̀?"

"Èmi ṣáà mọ̀ pé ó ń yọ̀."

"Ewé ni gbogbo rẹ̀, ewé lórí ewé, bí ìwé tí wọn ò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Tí kọ́kọ́rọ́ bá kàn án, ewé òkè á yọ̀ kúrò lórí ti ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá to ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún irú ewé bẹ́ẹ̀ léra wọn, wọn ò ní nípọn tó fọ́nrán irun orí kan."

Akínpẹ̀lú wo irun orí rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ojú kúrò níbẹ̀. "Tó bá wá ku ewé kan ṣoṣo ńkọ́?"

Ìbéèrè tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ Débórà fi oṣù mẹ́ta rò kó tó béèrè nìyẹn. Débórà fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ ọn. "Ewé kan ṣoṣo kì í yọ̀ tó ewé mẹ́rin márùn-ún. Ó máa ń wú níwájú ohun tó bá ń kọjá lórí rẹ̀, bí aṣọ tábìlì ṣe máa ń ká jọ níwájú àwo. Á wá máa fà á sẹ́yìn."

"Ìyẹn ni pé ẹni tó bá dá wà kì í yọ̀," ni Akínpẹ̀lú wí, ó sì dá pẹ́ńsù padà sẹ́yìn etí bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà, àgádágodo Débórà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ìfẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà, àwọn bàbá ló ni wàhálà. Bàbá Débórà, Ọ̀gbẹ́ni Stephen, ti fi ọdún márùndínlógójì ṣe tísà àti ọ̀gá ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì sílé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Agogo ilé-ìwé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, pàṣán kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè fi dán ọmọ ènìyàn wò ni ìdọ̀bálẹ̀. Kò bìkítà bóyá ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ ní mọ́tò. Àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ikùn gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, orúnkún gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ dìde títí Bàbá yóò fi yí i po tán, tí yóò ní kó dìde.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá tọrọ Precious, ẹ̀gbọ́n Débórà, tẹ̀ díẹ̀ ó sì fi ìka kan ilẹ̀, bí àwọn ọkùnrin ayé òde òní ṣe ń ṣe. Bàbá wò ó. "Ṣé nǹkan rẹ ló jábọ́ ni?" ló bi í. Wọ́n fún ọkùnrin náà ní omi tútù, wọ́n sì fi ọ̀nà géètì hàn án. Èyí tí Precious padà fẹ́ dọ̀bálẹ̀ pẹ́ débi pé oorun gbé e lọ níbẹ̀, ó ń hanrun. Bàbá fún un lọ́mọ láì béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Nígbà tí Débórà wá pe Bàbá lórí fóònù, tó sọ pé òun ti rí ẹnìkan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì sọ iṣẹ́ onítọ̀hún, Bàbá tún orúkọ iṣẹ́ náà pè.

"Agékọ́kọ́rọ́," ló wí. "Ẹni tó lè ṣí ilẹ̀kùn gbogbo ayé. Ó dáa. Kóun àti àgbà kan láti ilé wọn wá ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì sí òní. Màá wò ó nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá dọ̀bálẹ̀ dáadáa, mo gbà. Tí kò bá dáa, kó má ṣe padà wá. Kò sí àtúnṣe ìdánwò nílé mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún Débórà lọ́kàn. Fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì kò lè jẹun, àfi àkàrà àárọ̀ àti ìrẹsì ọ̀sán àti ẹ̀bà alẹ́. Tí wọn ò bá fún un ní Akínpẹ̀lú, ó ti pinnu pé òun máa wà láìlọ́kọ títí ayé, òun á máa wo ọ̀nà láti ojú fèrèsé, àwọn ènìyàn á sì máa sọ pé arẹwà ni tẹ́lẹ̀ rí.

Akínpẹ̀lú ní tirẹ̀ kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìgbaradì. Ní ọ̀sán-ọ̀sán tí ọjà bá dá, á tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbòòrùn rẹ̀, á máa dọ̀bálẹ̀. Ìyá Kabir tó ń ta òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń fún un ní máàkì.

"Bàdí rẹ yọ sókè, Akin. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá."

"Ìyá Kabir, mo ti lẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Ìwọ lo lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàdí ò lẹ̀. Bàdí ń wo ojú ọ̀run."

Òun náà ló kọ́ ọ ní ti eré: kó sá ìṣísẹ̀ méjì, kó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja bí àpò gàrí tó já láti orí ọkọ̀. "Bàbá tó bá rí ìyẹn," ló wí, "á fún ọ lọ́mọ, á tún bi ọ́ bóyá àbúrò rẹ nílò tirẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, Màámi pe Débórà láti Ọ̀yọ́. "Tó o bá ń bọ̀ lọ́la, bá mi ra dúdú ilẹ̀ bọ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ pálọ̀ tàn kí àwọn àlejò wa tó dé." Kì í ṣe pé Màámi kò mọ̀ pé wọ́n ń fi táìsì ṣe ilẹ̀ láyé ìsinsìnyí. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lòun fẹ́, èyí tí wọ́n fi dúdú inú òkú bátìrì pa, tí wọ́n fi àbẹ́là àti kẹrosíìnì pò, tí wọ́n wá fi èèpo àgbọn gbo títí ojú ènìyàn á fi hàn nínú rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ ti ṣe é nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ṣe é nìyẹn.

Débórà ní òun ti gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọpọlọ olùfẹ́ ti rí. Kò rà á.

Ohun tó gbé bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni agolo mílíìkì kan tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọdún méjì ni Bàbá ti ń bi í pé, "Kí gan-an lò ń kọ́ níbẹ̀ yẹn?" tí kò sì rí i ṣàlàyé. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí òun máa fi hàn án. Ìyẹ̀fun òkúta kan ni, ìbátan dúdú inú pẹ́ńsù, tó fi omi ọṣẹ pò, tó lọ̀ nínú bílẹ́ńdà lábù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí títí àwọn ewé rẹ̀ fi ṣí kúrò lára ara wọn, tó wá sá gbẹ. Pẹ́ńsù fẹ́ kí ọ̀rinrin díẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ kó tó yọ̀ dáadáa. Ìbátan rẹ̀ yìí kò fẹ́ ọ̀rinrin rárá. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ló ṣe ń yọ̀ tó. Ọyẹ́ lọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́.

Ọyẹ́ Ọ̀yọ́ ní Sátidé náà kò sì ní àfiwé.

Débórà jí, ó lọ dirun lọ́dọ̀ Hajarat ní òpópónà kejì. Nígbà tó fi máa padà dé, ọ̀sán ti pọ́n. Ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó bá Màámi ní kíṣíìnì tó ń fọ ọwọ́ dúdú.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màámi."

"Lọ wò ó láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Má tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ o. Ẹ̀yìn ni mo fi ń rìn jáde títí mo fi parí rẹ̀."

Débórà ká kọ́tìnì díẹ̀. Ilẹ̀ pálọ̀ ń dán bí omi òru. Fọ́tò Bàbá tó wà lára ògiri tún wà nínú ilẹ̀, ó dorí kodò, ó ń bínú. Màámi ti sún tábìlì àárín sí ẹ̀gbẹ́ kí àyè lè wà. Àga Bàbá nìkan ló wà ní ìparí pálọ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ti jókòó lé e tán, pẹ̀lú agbádá àti fìlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ìdánwò láti bẹ̀rẹ̀.

"Ó dán, àbí kò dán?" Màámi ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Dúdú tó o rà yìí ga. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo gbé kápẹ́ẹ̀tì Bàbá rẹ gan-an, mo fi pa abẹ́ rẹ̀."

"Dúdú wo, Màámi?"

"Èyí tó o bù sínú agolo mílíìkì."

Débórà jáwọ́ lára kọ́tìnì. "Màámi, ìyẹn kì í ṣe dúdú ilẹ̀."

"Ó dúdú, ó sì ti wà nílẹ̀."

"Ó ń yọ̀, Màámi. Kò sóhun tó ń yọ̀ tó o. Nítorí kó lè máa yọ̀ ni mo ṣe ṣe é."

Fèrè kẹ̀kẹ́ dún lẹ́nu géètì. Wọ́n ti dé.

Débórà fẹ́ sáré bọ́ síta, Màámi sì di ìró rẹ̀ mú. "Níbo? Ọmọ tí wọ́n wá tọrọ kì í sáré pàdé àlejò. O ò gbọdọ̀ yọjú títí wọ́n á fi pè ọ́. Ṣé o fẹ́ kí Bàbá rẹ sọ pé ìwọ lò ń tọrọ ọkọ?"

Bàbá á sì sọ bẹ́ẹ̀. Débórà fa fóònù yọ. Kò rí àyè kọ gbogbo ìtàn ewé àti bílẹ́ńdà. Ohun tó kọ ránṣẹ́ ni: Akin mi, jọ̀ọ́, má dọ̀bálẹ̀ o. Màá ṣàlàyé.

Ó wá lẹ ojú mọ́ àlàfo kọ́tìnì.

Akínpẹ̀lú dúró sórí ẹní ìnusẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nínú búbá àti ṣòkòtò funfun. Ó ti bọ́ bàtà, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tuntun. Ó rẹwà débi pé Débórà gbàgbé ìyẹ̀fun fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Brọ̀dá Daniel, àbúrò ìyá rẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń tú okùn bàtà, tó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Fóònù gbọ̀n nínú àpò Akínpẹ̀lú. Ó yọ ọ́, ó wò ó.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbé àgádágodo tí kò ní ihò fún pé kó ṣí. Ó wo kọ́tìnì, ó wo ilẹ̀, ó tún wo fóònù.

"Ṣé wọ́n ń pè ọ́ níbòmíràn ni?" Bàbá béèrè.

"Rárá, sà."

"Akínpẹ̀lú, kí lò ń dúró dè?" Brọ̀dá Daniel sọ ní ohùn jẹ́jẹ́. "Ilẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ mọ́ ju àwo oúnjẹ mi lọ."

Akínpẹ̀lú ki fóònù bọ àpò. Ó mí kanlẹ̀. Débórà rí i tó sún ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, ó sì mọ̀ pé ti eré tí Ìyá Kabir kọ́ ọ ló fẹ́ ṣe. Ó dijú.

Akínpẹ̀lú sá ìṣísẹ̀ méjì lórí ẹní ìnusẹ̀, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja. Ìdọ̀bálẹ̀ náà kò lábùkù. Àyà kan ilẹ̀, ikùn kan ilẹ̀, orúnkún kan ilẹ̀, bàdí pàápàá tẹríba. Ohun tó ṣẹ́ kù ni pé kò dúró. Ó ń lọ. Ó lọ bí ọṣẹ inú balùwẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "Ẹ kú ọ̀sán, sà," abẹ́ àga Bàbá ló parí rẹ̀ sí. Orí rẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì, kápẹ́ẹ̀tì náà gbéra. Àga àti kápẹ́ẹ̀tì àti ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì rọra sún sẹ́yìn títí wọ́n fi kan ògiri. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì já bọ́ lé Bàbá lórí fìlà.



"Ta ló rán ọ wá gbá mi?" ni Bàbá béèrè, kàlẹ́ńdà ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ohùn Akínpẹ̀lú wá láti abẹ́ àga. "Mi ò tíì parí ìdọ̀bálẹ̀ náà ni."

"Dìde."

Akínpẹ̀lú fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún gba apá Ìbàdàn lọ, ti òsì gba apá Ìsẹ́yìn. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó fi orúnkún gbìyànjú, orúnkún kọ̀ fún un. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Akínpẹ̀lú á gbé orí, ilẹ̀ á gbà á padà, bí ẹni tí ẹ̀mí ìbọ̀wọ̀fágbà gùn.

"Ó ti tó, Akin," Brọ̀dá Daniel pè é láti ẹnu ọ̀nà. "Wọ́n ti rí i. Má ṣe é jù."

"Brọ̀dá, kì í ṣe èmi ni mò ń ṣe é."

Brọ̀dá Daniel wá fi ẹ̀rín bọ́ sínú pálọ̀ láti gbé e dìde. Ìṣísẹ̀ kan péré ló rí gbé. Ìdí ló fi lulẹ̀, ìdí náà ló fi rìnrìn àjò, ó yí lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà bí kẹ̀kẹ́ tó ń wá èrò, ó sì gúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ kú ilé o," ló wí láti ibẹ̀.

Ìgbà yìí ni Bàbá dìde. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tó ti fi ọdún márùndínlógójì wá ẹni tó fa ariwo ní kíláàsì kò lè jókòó. Ó ká agbádá sí èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Kí ló ṣe ilẹ̀ tí..." Kò parí rẹ̀. Agbádá fẹ̀ bí ìyẹ́ àwòdì, Bàbá sì balẹ̀ pẹ̀lẹ́, àyà kan ilẹ̀, ikùn kan ilẹ̀, orúnkún kan ilẹ̀, imú rẹ̀ kọjú sí imú Akínpẹ̀lú.

Èèwọ̀ ńlá lèyí. Àgbà dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹni tó wá tọrọ ọmọ rẹ̀. Akínpẹ̀lú rí i, ó ranjú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara mọ́lẹ̀, ó ń wá ibi tó rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ lọ kó lè wà níbẹ̀.

Débórà já ìró gbà lọ́wọ́ Màámi. Ó yọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di férémù mú ṣinṣin, ó kúnlẹ̀ síbi tí ìyẹ̀fun náà kò dé.

"Bàbá, èmi ni mo jẹ̀bi. Ìyẹ̀fun mi ni."

"Ìyẹ̀fun kí ni?" Bàbá kò yí orí padà. Kò lè yí i.

"Ohun tí mò ń kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, sà. Màámi rò pé dúdú bátìrì ni. Ewé lórí ewé ni gbogbo rẹ̀, ìkan ń yọ̀ lórí ìkejì. Ẹ má tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀, Bàbá. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ṣe ń yọ̀."

"Ọdún méjì ni mo ti ń bi ọ́," ni Bàbá wí fún ilẹ̀. "Òní ló tó yé mi."

Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn ọ̀gá ilé-ìwé ló fi sọ ọ́. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ọmọkùnrin yìí kò kà. Ilẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe òun. Ẹnikẹ́ni ni yóò dọ̀bálẹ̀ lórí irú ilẹ̀ báyìí. Ẹ wo èmi náà. Mo sì ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni."

Ọkàn Débórà fọ́ sí ewé tó fẹ́lẹ́ ju ti inú agolo lọ. Omijé bọ́. Màámi ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin náà, Bàbá Precious, ẹ gbọ́ ná," Bàbá kò gbọ́. Òfin lòfin.

Fóònù Akínpẹ̀lú ti yọ́ jáde nínú àpò rẹ̀ nínú gbogbo ìjàkadì yìí, ó sì ti rọra wọ́ dé abẹ́ imú Bàbá. Brọ̀dá Daniel nawọ́ láti abẹ́ tẹlifíṣọ̀n kó fi gbá a kúrò níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn án, ojú fóònù sì là. Bàbá kò ní ibòmíràn tó lè wò. Ó kà á sókè, ketekete, bó ṣe máa ń ka lẹ́tà ìfẹ́ tó bá gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà.

"Akin mi. Jọ̀ọ́. Má dọ̀bálẹ̀ o. Màá ṣàlàyé." Ó gbé ojú sókè díẹ̀. "Ìgbà wo lo rí èyí?"

"Lẹ́nu ọ̀nà, sà."

"Kó o tó fò?"

"Kí n tó fò, sà."

"Ọmọ tó o wá tọrọ ní kó o má dọ̀bálẹ̀. Kí lo rò pé ó ń sọ?"

Akínpẹ̀lú gbìyànjú láti má wo ọ̀dọ̀ Débórà. "Mo rò pé ó ti yí ọkàn padà ni, sà. Mo rò pé kò fẹ́ mi mọ́, pé ó fẹ́ kẹ́ ẹ fi ìdọ̀bálẹ̀ lé mi kúrò kóun má bàa fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"O wá dọ̀bálẹ̀ nítorí kí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ jókòó, sà. Inú ilé yín ni mo wà. N kò lè torí pé ọmọ kò fẹ́ mi, kí n wá kí bàbá rẹ̀ lóòró."

Débórà gbọ́ ọ, ó sì di férémù ilẹ̀kùn mú gan-an, kó má bàa bọ́ sórí ilẹ̀ náà lọ bá a.

Bàbá àti Akínpẹ̀lú jọ wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, imú sí imú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Stephen, orí àti ẹ̀yìn ènìyàn ló máa ń rí. Òní ló kọ́kọ́ rí ojú.

"Ìyẹn kà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kí ilẹ̀ tó gbé ọ, ìwọ lo fò. Mo sì rí i pé o kò retí ìyàwó kó o tó fò. Àwọn yòókù tó ń wá síbí, ìyàwó ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún." Ó tún rò ó díẹ̀. "Bàdí rẹ náà dáa."

"Ẹ ṣé, sà. Ìyá Kabir ni."

"Ta ni Ìyá Kabir?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé yín kúrò nílẹ̀, sà. Ẹ má ṣe gbìyànjú àtidìde. Ẹ̀rù ẹ̀yìn yín ló ń bà mí. Ẹ kàn na ara, kí n tì yín."

Ó fi ikùn yí Bàbá po bí ọwọ́ aago títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ògiri. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àtẹ́lẹsẹ̀ Bàbá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ dákun, sà," ó sì fi ẹsẹ̀ ta ògiri. Bàbá ṣí. Ó kọjá tábìlì àárín, ó kọjá Brọ̀dá Daniel tó ní, "Ẹ máa lọ ire, sà," ó gba gbogbo gígùn pálọ̀ kọjá láìfọhùn, agbádá ń fẹ́ lẹ́yìn, títí orí rẹ̀ fi gun ẹní ìnusẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dúró.

Ó jókòó lórí ẹní náà. Ó tún fìlà ṣe. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dúdú, àyà agbádá rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ilẹ̀. Gbogbo ilé ń wo ẹnu rẹ̀. Màámi ti di orí mú.

"Brọ̀dá Daniel," ni Bàbá wí.

"Sà," lohùn kan wí lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ lọ sọ fún àwọn ará ilé yín pé mo gbà. Kí wọ́n wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ènìyàn mélòó ló máa wá láti ẹbí ọkọ?"

"Á tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà. Gbogbo wa la máa dọ̀bálẹ̀."

Bàbá wo gígùn pálọ̀ náà láti ìparí kan dé ìkejì, bí ẹni tó ń wọn pápá ìṣeré. Màámi ti rẹ aṣọ ìnulẹ̀ sínú omi, ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyá Precious," ni Bàbá wí, "fi aṣọ yẹn sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má nu ilẹ̀ yìí títí Sátidé."